Kí Ẹ Tó Ra Báǹdì Òógùn, Ẹ Wo Ọ̀nà Tí Òógùn Yín Ń Gbà

Tẹ́nìsì orí tábìlì là ń gbá, gémù karùn-ún la wà, 9 sí 9, nínú gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè tó jẹ́ pé fáànù méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti rí bọ́ọ̀lù náà kedere. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé bátì bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kí n fi yí i lọ sí ọwọ́ òsì alátakò mi, ni ẹ̀kán òógùn kan bá já láti orí imú mi, ó bọ́ sí àárín rọ́bà bátì. Mo fojú ara mi rí i bó ṣe balẹ̀. Ojú rọ́bà pupa yẹn ń dán níbi kékeré kan bí ìgbà tí wọ́n kán òróró sí i. Ibẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù bà. Kò yí rárá, ó yọ̀, ó sì wọ inú àwọ̀n. 10 sí 9. Ọkàn mi ò kúrò lára rọ́bà yẹn mọ́, mo sì pàdánù ayò tó kẹ́yìn.

Báǹdì òógùn, ìyẹn aṣọ rírọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ yí orí tàbí ọrùn ọwọ́ ká kó lè gba òógùn, wà lórí mi lọ́jọ́ náà o. Funfun ni, tuntun ni, owó gidi ni mo sì fi rà á. Ṣùgbọ́n ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ ni mo wọ̀ ọ́ sí, torí pé ibẹ̀ ló ti yẹ mí nínú dígí. Gbogbo òógùn tó ń yọ níwájú orí mi, nísàlẹ̀ báǹdì, ń ṣàn lọ sójú àti imú láìsí ohun tó dá a dúró.

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní tẹ́nìsì orí tábìlì. “Àǹtí Kóòṣì” ni wọ́n ń pè mí. Àbúrò mi ọkùnrin ń sá eré ọlọ́nà jíjìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa la sì ti ra báǹdì tí kò ṣe wá láǹfààní rí. Ohun tí mo ti rí kọ́ ni pé kì í ṣe orí àwọ̀ tàbí orúkọ tí wọ́n kọ sára báǹdì ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè pé: nínú eré tí mò ń ṣe, kí ni òógùn mi ń bà jẹ́? Ṣé ojú mi ni, ṣé ọwọ́ mi ni, àbí ohun tí mo dì mú? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra báǹdì tán.

Ẹ kọ́kọ́ dán ara yín wò

Ẹ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú, torí pé omi máa ń hàn lára rẹ̀ ju ara funfun tàbí dúdú lọ. Ẹ ṣe eré yín fún 20 ìṣẹ́jú láìwọ báǹdì kankan. Bí ẹ bá parí, ẹ má tíì nu ara. Ẹ dúró síwájú dígí, tàbí kí ẹ ní kí ẹnì kan ya fọ́tò yín. Ẹ wò ó bóyá láti inú irun ni òógùn ti ń ṣàn bọ̀, àbí iwájú orí ló ti ń yọ. Ṣé ẹ̀bátí ló ń gbà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, àbí àárín ló ń gbà bọ́ sórí imú? Ẹ wo apá náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí i pé bí apá bá ń rọ̀ wálẹ̀ láàárín ayò kan sí òmíràn, òógùn apá òkè á ṣàn gba ìgúnpá, á gba ọrùn ọwọ́, á sì wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ìdánwò kejì ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ti yọ ọ̀pọ̀ òbí nínú ìnákúnàá lọ́dọ̀ mi. Ẹ nu ọwọ́ gbẹ, ẹ we áńkáṣíìfù gbígbẹ mọ́ ọrùn ọwọ́ tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ ṣeré fún ìṣẹ́jú 10. Tí áńkáṣíìfù bá rin, tí àtẹ́lẹwọ́ sì gbẹ, báǹdì ọwọ́ máa wúlò fún yín, ẹ lọ rà á. Ṣùgbọ́n tí áńkáṣíìfù bá gbẹ, tó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ló rin, á jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ yín fúnra rẹ̀ ló ń làágùn. Kò sí báǹdì tó lè gba ìyẹn, bó ti wù kó gùn tó, torí pé ìsàlẹ̀ ibi tí báǹdì wà ni òógùn ọ̀hún ti ń yọ. Ohun tí ẹ nílò ni kí ẹ pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi wé ibi ìdìmú, kí ẹ sì fi tówẹ́ẹ̀lì kékeré sí ìtòsí. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó wọ báǹdì ọwọ́ fún odidi ọdún kan, bátì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ra èyí tó tún nípọn sí i fún un. Ọjọ́ tí a so áńkáṣíìfù mọ́ ọn lọ́wọ́ la tó mọ̀. A fi aṣọ ìdìmú wé ọwọ́ bátì rẹ̀, ọ̀rọ̀ báǹdì sì parí.

Aṣọ tí wọ́n fi ṣe é

Irú méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni ti tówẹ́ẹ̀lì. Òwú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù àti ìlásíkì díẹ̀. Ó nípọn, ó ń mu omi, ó sì ń di omi náà mú sínú. Èkejì fẹ́lẹ́, ó ń dán díẹ̀, pọlísítà ni. Òun kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń tẹ́ ẹ káàkiri ojú ara rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ló yẹ kí ẹ rò dáadáa. Òógùn kì í dín ooru ara kù lásán nítorí pé ó jẹ́ omi. Ìgbà tó bá ń gbẹ kúrò lára ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní Èkó, tí òkun àti ọ̀sà yí ká, omi ti kún inú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ, ṣe ló ń kán tó, tó, tó. Nínú gbọ̀ngàn tí afẹ́fẹ́ kò ti rìn, báǹdì pọlísítà á kún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí yín lójú. Ti tówẹ́ẹ̀lì ló dára níbẹ̀. Ẹni tó ń sáré lójú títì tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí òun lórí bó ṣe ń lọ, èyí tó fẹ́lẹ́ á sì máa gbẹ bó ṣe ń rin. Lásìkò ọyẹ́, ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́, òógùn máa ń gbẹ kí ẹ tó mọ̀ pé ó yọ, tó fi jẹ́ pé iyọ̀ inú rẹ̀ ló máa ń kù lára bí ìyẹ̀fun. Kò sídìí fún báǹdì tó nípọn nígbà yẹn.

Irú kẹta kan wà tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní ìlà sìlíkóònù kan nínú tó ń ṣiṣẹ́ bíi gọ́tà òrùlé: kì í mu òógùn, ṣe ló ń darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etí. Ó dára fún ẹni tí òógùn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí tówẹ́ẹ̀lì lè gbà lọ.

Tí mo bá ń lọ Balógun tàbí Tẹ́júoṣó, mo máa ń ra omi inú ọ̀rá kan dání kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta báǹdì. Màá kí wọn, màá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kán omi sí ẹyọ kan wò. Tí mo bá bà á jẹ́, màá san owó rẹ̀.” Kò tíì sí ẹni tó lé mi. Màá tẹ́ báǹdì sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi eyín já etí ọ̀rá náà díẹ̀, màá kán omi ẹyọ kan sí i. Tí omi bá wọlé lójú ẹsẹ̀, tó sì tàn kálẹ̀, ó dára. Tó bá dúró róbótó bí omi orí ewé kókò, ẹ má tíì bínú sí i, torí ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń mú aṣọ tuntun dán ló ṣì wà lára rẹ̀, tí ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì á mú kúrò. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ òwú ló pọ̀ jù, ẹ lè mú un. Tí kò bá ní lébẹ́ẹ̀lì, tí omi sì dúró lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fà á kó gùn tó ìlọ́po kan àbọ̀, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá padà sí bó ṣe wà, ìlásíkì rẹ̀ ti kú kó tó délé yín. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ fi ìka tọ ojú ìránṣọ rẹ̀. Ojú ìránṣọ tó bá ga tó sì le á máa ha yín lórí fún wákàtí méjì.

Mo ní láti sọ ti àwọ̀, torí pé mo jẹ̀bi níbẹ̀ rí. Mo ra báǹdì pupa fún àwọn ọmọ 12 nígbà tí a ń lọ ìdíje kan ní Abẹ́òkúta. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo rà wọ́n, mi ò sì fọ̀ wọ́n. Kó tó di ọ̀sán, omi pupa ti ń ṣàn lójú àwọn ọmọ náà bí ẹni tó fara pa. Ìyá kan ké, ó sì sáré wọ ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò lè lajú, ó ń ta á, èmi àti ìyá rẹ̀ la jókòó tì í tí a ń bu omi fọ ojú fún un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí náà níkọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn, màá fi omi rin igun báǹdì, màá wá fi áńkáṣíìfù funfun fún un pọ̀, kí n sì fi wọ́n ra ara wọn. Tí àwọ̀ bá jáde sára funfun, mi ò ní mú un, bó ti wù kó rẹwà.

Eré kọ̀ọ̀kan àti tirẹ̀

Màá pẹ́ díẹ̀ lórí tẹ́nìsì orí tábìlì, torí òun ni mo mọ̀ jù. Ìdúró eré yìí ló ń dá ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ti tẹ̀ síwájú, orí yín wà lókè bátì àti tábìlì, nítorí náà ohun tó bá já láti ojú yín, orí rọ́bà tàbí orí tábìlì ló máa bọ́ sí, rọ́bà tó rin kì í sì í mú bọ́ọ̀lù. Báǹdì orí ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Òfin àgbáyé gbà yín láyè láti fi tówẹ́ẹ̀lì nu ara lẹ́yìn ayò 6, 6 láti ìbẹ̀rẹ̀ gémù, àti nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ní gémù tó kẹ́yìn. Ẹ rò ó wò: kì í ṣe òógùn wákàtí kan ni báǹdì yín ní láti gbà, òógùn ayò 6 ni. Ẹ kò nílò èyí tó nípọn bí òṣùká. Tówẹ́ẹ̀lì rírọ̀ tó fẹ̀ ní íǹṣì 2 ti tó, bí ẹ bá ń lo àyè tówẹ́ẹ̀lì yẹn lóòótọ́. Àwọn ọmọ kì í lò ó. Wọ́n á rò pé bí àwọn bá dúró nu ara, àwọn ń fi àyè sílẹ̀ fún alátakò láti sinmi, mo sì máa ń sọ fún wọn pé rọ́bà gbígbẹ sàn ju ìkánjú lọ.

Láti ìgbà tí Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì, ti wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Olympics Rio 2016, gbogbo ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi ló fẹ́ máa jìnnà sí tábìlì kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù tagbáratagbára. Irú eré yẹn ń béèrè ìsáré púpọ̀, òógùn rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹni tó dúró sítòsí tábìlì lọ. Ọmọ tó bá ń ṣe é, mo máa ń fún un ní báǹdì méjì, kó pààrọ̀ wọn láàárín gémù.

Ti báǹdì ọwọ́, mi ò fẹ́ ẹ ní ọwọ́ tó di bátì mú. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yíyí bọ́ọ̀lù, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sáàfù, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ ayò. Báǹdì tó gùn á há a mọ́, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára. Òfin tún sọ pé bọ́ọ̀lù tó bá ba ọwọ́ tó di bátì mú, láti ọrùn ọwọ́ lọ sísàlẹ̀, ṣì jẹ́ bọ́ọ̀lù tó dára, ṣùgbọ́n tó bá ba òkè ọrùn ọwọ́, ayò ti lọ. Ibi tí ààlà náà wà gan-an ni báǹdì máa ń bò, mo sì ti rí i tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ kejì, kí ẹ máa fi nu iwájú orí. Ẹ má sì lo funfun bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ funfun. Òfin kò fẹ́ kí àwọ̀ aṣọ yín jọ ti bọ́ọ̀lù, èmi sì máa ń mú báǹdì mọ́ ọn.

Lọ́ọ̀nù tẹ́nìsì yàtọ̀ pátápátá. Ọwọ́ ni òógùn ti ń bà á jẹ́. Rákẹ́ẹ̀tì wúwo, ẹ̀ ń fi agbára gbogbo jù ú, tí ìdìmú bá sì ti rin, á yí lọ́wọ́ yín lójú ibi tí bọ́ọ̀lù ti bà á. Nínú eré yìí, mo fọwọ́ sí báǹdì ọwọ́ gígùn, èyí tó tó íǹṣì 5, torí pé òógùn tó ń ti apá bọ̀ pọ̀, ó sì dára kó pàdé aṣọ púpọ̀ kó tó dé àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ méjèèjì: ti ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì wà láti dá òógùn dúró, kì í ṣe fún ìnujú rárá, torí tí ẹ bá fi nu ojú, ẹ ti fi omi kún un. Ti ọwọ́ kejì ni ìnujú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọwọ́, kó wọ báǹdì orí tó nípọn, kó má bàa máa fi báǹdì ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ẹ ní 90 ìṣẹ́jú àáyá láti jókòó, ó tó láti bọ́ èyí tó rin kí ẹ wọ gbígbẹ. Mẹ́rin ni kí ẹ gbé dání bí oòrùn bá mú. Ẹ wá fọ́tò Björn Borg wò, ẹni tó gba ife Wimbledon ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léra láti 1976 dé 1980. Ẹ wo ibi tí báǹdì rẹ̀ wà: iwájú orí gan-an, ó sì di irun gígùn rẹ̀ mú kúrò lójú.

Àwọn tó ń sáré, ojú ni tiyín. Iyọ̀ inú òógùn á ta yín lójú, ọwọ́ yín náà á ti kún fún iyọ̀, bí ẹ bá sì fi ra ojú ṣe ni ẹ ń dá kún un. Àbúrò mi fi báǹdì tówẹ́ẹ̀lì sá eré kìlómítà 42 ti Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ó ní nígbà tí òun fi máa dé orí Third Mainland Bridge, ó ti wúwo lórí òun bí aṣọ tí wọn ò fún, ó ń jábọ́ sórí ojú, òun ń tì í sókè, títí òun fi bọ́ ọ sọ́wọ́. Pọlísítà fẹ́lẹ́ tó fẹ̀ ní íǹṣì 3 ló ń lò báyìí, pẹ̀lú báǹdì tówẹ́ẹ̀lì kúkúrú kan lọ́wọ́ fún ìnujú nìkan. Níbi tí wọ́n ti ń pín omi, á mu díẹ̀, á da ìyókù sórí báǹdì, á fún un, á tún wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tó ń sáré lóòrùn, ẹ jọ̀ọ́, báǹdì kì í dín omi tó ń jáde lára kù. Tí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí òógùn sì dáwọ́ dúró nígbà tí ara ṣì gbóná, ẹ dúró, ẹ wá ibòji, kí ẹ ké sí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lójú ọ̀nà.

Ní básíkẹ́ẹ̀tì, òfin FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ní kí báǹdì orí àti ti ọwọ́ má fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 10 lọ, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì wọ àwọ̀ kan náà. Nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ kóòṣì kí ẹ tó ra tiyín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra aláwọ̀ búlúù, dúdú ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀, bí owó rẹ̀ ṣe ṣòfò nìyẹn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń so kókó rẹ̀ sẹ́yìn orí, kókó rẹ̀ lè tú, NBA pàápàá, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n má wọ irú rẹ̀ mọ́ láti 2019.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀: èyí tó fẹ́lẹ́, tí kò ní kókó tàbí ike, torí pé ẹ máa fi orí kan bọ́ọ̀lù. Òfin ní kí ohun tí ẹ bá fi bo orí jẹ́ dúdú tàbí kó bá ẹ̀wù mu. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ akoto, torí akoto kò ní jókòó dáadáa mọ́, orí lẹ sì fẹ́ dáàbò bò. Ẹ lo èyí tó fẹ́lẹ́ bí abala aṣọ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń gbé irin, ẹ má fi báǹdì òógùn ṣe ohun tó ń gbé ọrùn ọwọ́ ró. Aṣọ rírọ̀ ni, kò lè di egungun mú.

Bó ṣe yẹ kó jókòó

Ẹ fi ìka kan sí òkè irun ojú, níwọ̀n fífẹ̀ ìka yẹn ni kí ìsàlẹ̀ báǹdì orí ti bẹ̀rẹ̀. Kó tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú orí, kó gba òkè etí kọjá, kó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn orí. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin mọ bí gèlè tó fún jù ṣe ń fọ́ni lórí kí òde tó parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti báǹdì. Tó bá fi ilà sí iwájú orí yín lẹ́yìn eré, tó sì pẹ́ kó tó lọ, ó ti fún jù.

Bí ẹ bá di irun, ẹ má jẹ́ kó máa jókòó sórí irun etí iwájú lójoojúmọ́, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já. Irun dídì tún máa ń gbé báǹdì sókè, òógùn á wá máa gba àárín ìlà irun kọjá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kó irun náà sẹ́yìn kí ẹ tó wọ báǹdì, kó má ṣe wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lo ìbòrí lọ́dọ̀ mi máa ń wọ báǹdì fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, mo sì rí i pé ìyẹn kì í jẹ́ kí ìbòrí yọ̀ síwájú. Ti àwọn ọmọdé, ẹ má ra ti àgbà fún wọn pé wọ́n á dàgbà bá a. Á máa bọ́ sí wọn lójú lónìí.

Ẹ lè rán tiyín

Báǹdì tó dára jù nínú àpò mi, tówẹ́ẹ̀lì òkìrìkà ni wọ́n fi rán an. Tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà máa ń mu omi dáadáa. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó lò ó.

Ẹ fi téèpù wọn orí yín láti iwájú orí yí ká. Ká ní ó jẹ́ íǹṣì 22. Ẹ gé tówẹ́ẹ̀lì kó gùn ní íǹṣì 15, kó fẹ̀ ní íǹṣì 5. Ẹ ṣẹ́ ẹ po ní gígùn pẹ̀lú inú rẹ̀ síta, kí ẹ rán etí rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ìdajì íǹṣì, kí ẹ wá yí i síta: ó ti di ọ̀pá aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 2. Ẹ gé ìlásíkì tó fẹ̀ ní íǹṣì kan àbọ̀, kó gùn ní íǹṣì 7. Ẹ ki ìdajì íǹṣì etí ìlásíkì bọ inú etí ọ̀pá aṣọ náà ní ọwọ́ kan, ẹ ká etí aṣọ wọlé ní ìdajì íǹṣì, kí ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì kó le. Kí ẹ tó rán ọwọ́ kejì, ẹ fi píìnì mú un, kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ fò sókè, kí ẹ mi orí. Bí ẹ bá yọ ìdajì íǹṣì tí ìránṣọ gbà ní etí kọ̀ọ̀kan, aṣọ íǹṣì 14 àti ìlásíkì íǹṣì 6 jẹ́ 20, íǹṣì 2 tó kù ni ìlásíkì máa fi fà mọ́ orí. Fún ọmọ tí orí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20, ẹ gé aṣọ ní 13 dípò 15, ẹ fi ìlásíkì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú ìránṣọ gígùn yẹn, kó wà ní ìsàlẹ̀, kó má kọjú sí awọ ara.

Ìtọ́jú

Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àti lẹ́yìn gbogbo eré. Ọṣẹ àti omi lásán ti tó. Omi bílíìṣì máa ń jẹ ìlásíkì, ohun tí wọ́n sì ń dà sí aṣọ kó lè rọ̀ kó sì máa ta sánsán máa ń bo òwú lójú débi tí kò fi ní mu omi mọ́. Ẹ fún un, ẹ má lọ́ ọ le, kí ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ má ká a ní tútù sínú báàgì. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀: làpálàpá máa ń tara aṣọ kan dé ara òmíràn, mo ti rí i lórí ọmọ mẹ́ta tó ń yá ara wọn ní báǹdì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàmì sí ti ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Bí báǹdì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá fò, ìlásíkì rẹ̀ ti dẹ̀, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Èmi máa ń gé tèmi sí méjì lójú ìránṣọ, kí n yọ ìlásíkì kúrò, kí n fi aṣọ tó kù sínú àpò bátì. Òun ni mo fi ń nu rọ́bà kí gémù tó bẹ̀rẹ̀.